Bí kì í bá ṣe “Johnny B. Goode”, orin wo ló gbé rọ́ọ̀kì ró?

Olùbéèrè

Gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ń to orin rọ́ọ̀kì àtijọ́, “Johnny B. Goode” ti Chuck Berry ni wọ́n máa ń gbé síwájú. Lójú tèmi, wọ́n ti yìn ín kọjá bó ṣe yẹ. Ká ní kò sí orin yẹn láyé, rọ́ọ̀kì á ṣì wà. Èwo wá ni a máa yọ tí gbogbo ilé á wó? Àwa mẹ́ta la wà nínú ẹgbẹ́ wa: gìtá, béèsì, ìlù òyìnbó. Orin márùn-ún péré la fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí á fi ìdí iṣẹ́ náà hàn wá, a ò sì fẹ́ kó dún bí orin ìyìn ọjọ́ Àìkú tí wọ́n kàn lé ní eré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ orin lásán. Ẹ sọ ohun tí ọwọ́ ń ṣe níbẹ̀.

* * *

Onígìtá

Àbúrò, gbé orin yẹn lé gìtá ná kó o tó sọ pé wọ́n yìn ín jù. Ilé iṣẹ́ Chess ní Chicago ló gbé e jáde ní 1958. Nígbà tí àwọn Amẹ́ríkà ń fi ọkọ̀ Voyager ránṣẹ́ sí òfuurufú ní 1977, òun nìkan ni orin rọ́ọ̀kì tó wà lórí àwo wúrà tí wọ́n fi sínú rẹ̀. Ìyẹn kọ́ ni mo fi ń gbè é o. Ohun tí mo fi ń gbè é ni pé ọwọ́ òsì gbogbo onígìtá rọ́ọ̀kì tó tẹ̀lé e, ibẹ̀ ló ti kọ́ ìrìn.

Ohùn B-flat ni orin náà wà, kò sì sí okùn òfìfo kankan tó máa gbà ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Fi ìfábẹ̀lá tẹ okùn kẹfà, èyí tó nípọn jù, ní fret 6 (fret ni àlàfo láàárín irin ọrùn gìtá). Fi ìka òrùka tẹ okùn karùn-ún ní fret 8. Lu méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Má gbé ìfábẹ̀lá kúrò níbẹ̀. Na ọmọńdinrín dé fret 10 lórí okùn karùn-ún, lù ú lẹ́ẹ̀mejì, kó o tún padà. Méjì níbí, méjì lọ́hùn-ún, títí lọ. Bí orin bá lọ sí E-flat, gbé irú ìtẹ̀ kan náà lọ sórí okùn karùn-ún àti ìkẹrin ní fret 6. Bó bá lọ sí F, sún un dé fret 8. Ọwọ́ ọ̀tún kò gbọdọ̀ lù sókè rárá, ìsàlẹ̀ nìkan ni.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ nìyí. Àwọn tó ti mọ́ lára láti máa lu kọ́ọ̀dù okùn mẹ́fà á di kọ́ọ̀dù odindi mú, wọ́n á máa fi ọwọ́ gbá a sókè sódò. Ohùn á fẹ̀, á bo béèsì, á bo olórin, eré tó wà nínú orin á sì kú. Okùn méjì ni o, kì í ṣe mẹ́fà. Ìkejì ni ìrora: láti fret 6 dé 10 jìn fún ọwọ́ tí kò tíì là. Kọ́kọ́ ṣe é ní A. Okùn karùn-ún á wà ní òfìfo, okùn kẹrin á wà ní fret 2, ọmọńdinrín á lọ sí fret 4. Bẹ̀rẹ̀ ní ìtẹ̀sẹ̀ 100 láàárín ìṣẹ́jú kan, máa fi márùn-ún márùn-ún kún un. Nǹkan bí 168 ni Berry ń sá.

Ìbẹ̀rẹ̀ orin náà tí gbogbo ayé mọ̀, Berry kọ́ ló dá a. Carl Hogan ti fi gìtá ta á nínú orin Louis Jordan kan ní 1946. Berry gbà á, ó fún un ní agbára, ó sì fi ìtàn ọmọdékùnrin onígìtá lé e lórí. Bí orin ṣe ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ nìyẹn.

* * *

Onílù

Ẹ̀gbọ́n, mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ tún àwo náà gbọ́, kí ẹ gbàgbé gìtá, kí ẹ dẹ etí sí ìlù. Fred Below tó ń lù níbẹ̀ ń lu síwìngì, gìtá Berry sì ń rìn gbọọrọ. Àwọn méjèèjì kò bá ara wọn mu, ìfà yẹn gan-an ló ń mú kí orin náà dà bíi pé ó fẹ́ já sílẹ̀.

Ìyàtọ̀ wọn kò le. Nínú síwìngì, a pín ìtẹ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta, a lu èkíní àti ẹ̀kẹta: dáá-da, dáá-da. Nínú èyí tó gún, a pín in sí méjì dọ́gba: da-da, da-da. Láti èkíní bọ́ sí èkejì ni ìrìn tó sọ blúùsì oníjó di rọ́ọ̀kì. Gìtá nìkan kọ́ ló sì rìn ín.

Èyí tí mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni yọ ni “The Fat Man” ti Fats Domino. Ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá 1949 ni wọ́n gbà á sílẹ̀ ní New Orleans, ní sítúdíò J&M ti Cosimo Matassa. Earl Palmer ló lu ìlù. Ṣáájú ìgbà yẹn, àwọn onílù ìlú yẹn máa ń fi lílu snare (ìlù pẹlẹbẹ tó wà níwájú onílù) gbì-gbì lórí ìtẹ̀sẹ̀ kejì àti ìkẹrin pamọ́ di ìparí orin, nígbà tí gbogbo fèrè bá ń ké pọ̀. Palmer lù ú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, òun náà ló jókòó ti Little Richard nígbà tí wọ́n gba “Tutti Frutti” sílẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án 1955. Ọwọ́ ọ̀tún Little Richard lórí dùùrù ń pín ìtẹ̀sẹ̀ sí méjì dọ́gba, ó sì ń gbá a kíkan. Onílù tó bá ń lu síwìngì lábẹ́ irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ á máa kọsẹ̀ ni. Palmer fi síwìngì sílẹ̀, ó tẹ̀ lé dùùrù. Ẹ gbọ́ “Lucille” ti 1957, ó hàn gbangba níbẹ̀.

Ẹ̀yin onílù, ẹ ṣe é báyìí: hi-hat (páànù méjì tó ń pàdé) mẹ́jọ dọ́gba nínú bar kan (ìtẹ̀sẹ̀ mẹ́rin), kí ó wà ní pípadé, kick (ìlù ńlá tí ẹsẹ̀ ń lù) lórí èkíní àti ẹ̀kẹta, snare lórí èkejì àti ìkẹrin, kí ó dún ju gbogbo ìyókù lọ. Ẹ má yí ìlù ní ìparí gbogbo ìlà. Àrùn tó ń pa rọ́ọ̀kì lọ́wọ́ àwọn onílù wa nìyẹn: bí olórin bá ti mí, wọ́n á da ìlù sílẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nínú àwo Little Richard, nígbà tí gbogbo wọn bá dákẹ́ tí ohùn nìkan kù, onílù kì í fọwọ́ kan nǹkan kan.

* * *

Olóhùn béèsì

Kókó kan péré ni tèmi, ẹ ò sì lè ṣe ọ̀kankan nínú àwọn orin wọ̀nyí láìmọ̀ ọ́. Púpọ̀ nínú wọn, bar méjìlá ni wọ́n ń yí ká: mẹ́rin lórí kọ́ọ̀dù ilé, méjì lórí ìkẹrin, méjì padà sílé, ọ̀kan lórí ìkarùn-ún, ọ̀kan lórí ìkẹrin, méjì sílé. Ní A, ilé ni A, ìkẹrin ni D, ìkarùn-ún ni E. Bar kẹsàn-án ni ẹgbẹ́ tuntun ti máa ń já síra wọn, nítorí pé ẹnì kan á ti ka bar keje àti ìkẹjọ gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan. Ẹ kà á sókè ketekete títí yóò fi wọ ara.

* * *

Akọrin Obìnrin

Ẹ̀yin bọ̀dá, ẹ ti sọ̀rọ̀ títí, ẹ ò dárúkọ obìnrin kan. Sister Rosetta Tharpe ńkọ́? Cotton Plant ní Arkansas ni wọ́n bí i sí ní 1915, inú ìjọ ló ti kọ́ gìtá. Ó gba “Strange Things Happening Every Day” sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ Decca ní 1944, Sammy Price wà lórí dùùrù. Ní 1945 orin ẹ̀mí yẹn dé ipò kejì lórí àtẹ orin àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà. Ọdún mẹ́wàá ṣáájú “Maybellene” ti Berry nìyẹn o. Gìtá, ìlù tó ń ti èèyàn láti jó, ohùn tó ń ké. Kí ló kù tí rọ́ọ̀kì ní tí kò sí níbẹ̀?

Little Richard gan-an, Rosetta ló pè é sórí pèpéle ní Macon ní 1947 nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọdé. Àwọn ará ìjọ bá Rosetta jà pé ó gbé orin Ọlọ́run wọ ilé ijó. Ìjà yẹn kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ohun tí ọwọ́ ń ṣe níbẹ̀, lílé àti ègbè ni. Ó máa ń kọ ìlà kan, gìtá á dá a lóhùn. Nígbà tí ẹnu bá ń ṣiṣẹ́, gìtá rẹ̀ kì í ṣe ju kí ó máa tẹ ìlù lọ; bí ìlà bá parí, ìtẹ̀sẹ̀ méjì tó ṣófo yẹn ni gìtá máa fi sọ tirẹ̀. Àwọn onígìtá tí mò ń gbọ́ nísinsìnyí ń ta lábẹ́ ohùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀, ẹ ò ní gbọ́ gìtá. Olùbéèrè, bí o bá fẹ́ kí orin rẹ má dún bí ti ọjọ́ Àìkú, ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni kó o kọ́kọ́ kọ́, àní láti ọwọ́ obìnrin tó jẹ́ pé ọjọ́ Àìkú gan-an ló ti wá.

* * *

Onígìtá

Ìyá akọrin, mo gbà. Mi ò ní jiyàn lórí Rosetta. Àtakò mi kan ni pé orin yẹn kò tan ọ̀nà ìtẹ̀wọ́ kan tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn dì mú bí wọ́n ṣe di ti Berry mú. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe nǹkan yàtọ̀ sí ẹni tí gbogbo èèyàn kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀.

* * *

Akọrin Obìnrin

Ta ni Berry fúnra rẹ̀ wá kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀?

* * *

Ẹni Sítúdíò

Ọwọ́ àti ìlù lẹ ń jà lé lórí. Ohùn ńkọ́, bó ṣe ń dún létí? Ọ̀pọ̀ ló ń pe “Rocket 88” ní orin rọ́ọ̀kì àkọ́kọ́. Oṣù Kẹta 1951 ni wọ́n gbà á sílẹ̀ ní sítúdíò Sam Phillips ní Memphis, 706 Union Avenue. Orúkọ Jackie Brenston ló wà lórí àwo, ẹgbẹ́ Ike Turner ló ń ṣeré. Ańpù gìtá Willie Kizart ti bàjẹ́ lójú ọ̀nà, awọ sípíkà rẹ̀ ti ya. Wọ́n ki bébà sínú rẹ̀. Ohùn tó jáde ń kùn, ó ń ya, Phillips sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn èèyàn ti ń wá ohùn yíya yẹn kiri. Link Wray fi pẹ́ńsù gún sípíkà ní 1958 kó tó gba “Rumble” sílẹ̀, orin tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan, síbẹ̀ tí àwọn ilé rédíò kan ní Amẹ́ríkà kọ̀ láti gbé. Dave Davies ti ẹgbẹ́ The Kinks fi abẹ gé sípíkà ańpù kékeré kan, ó so ó mọ́ ańpù ńlá kan, Vox AC30, wọ́n fi ta “You Really Got Me” ní 1964: kọ́ọ̀dù méjì tó fi fret méjì jìn síra, tí wọ́n ń tì síwá-sẹ́yìn.

Ẹ má lọ gé sípíkà yín o. Ohùn yẹn rọrùn láti rí láìba nǹkan jẹ́. Gain (bọ́tìnnì tó ń mú kí ohùn ya) ni kí ẹ gbé sókè, kí ẹ rẹ volume sílẹ̀, kí ẹ dín treble kù títí tí kò fi ní máa gún etí. Bí gain bá pọ̀ jù, kọ́ọ̀dù á di àlùpọ̀, ẹ ò ní mọ̀ bóyá A ni àbí E. Ìdánwò rẹ̀ ni pé bí ẹ bá lu okùn jẹ́jẹ́, kí ó mọ́. Bí ẹ bá lù ú kíkan, kí ó ya.

Gbohùngbohùn tí ẹ ń gbọ́ nínú àwọn àwo Elvis ní Memphis, ẹ̀rọ téèpù méjì ló ń ṣe é. Wọ́n ń gba ohùn lọ sórí ẹ̀rọ kan, wọ́n tún ń darí rẹ̀ gba orí ẹ̀rọ kejì. Orí tó ń gba ohùn sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ kejì yẹn fi nǹkan bí íǹṣì méjì jìnnà sí orí tó ń gbé e jáde. Bí téèpù bá ń sá íǹṣì 15 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, àlàfo náà á fa ohùn sẹ́yìn ní nǹkan bí 133 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Lórí delay (ẹ̀rọ tó ń dá ohùn padà) òde òní, ẹ fi sí 120 sí 140 ms, ẹ̀ẹ̀kan péré ni kó padà, kí ohùn ìkejì máà ju ìdámẹ́ta ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tó bá gbé e dé 300 ti ní ìlù kejì tó ń bá onílù jà. Bí gbọ̀ngàn bá sì jẹ́ onítáìlì láti ilẹ̀ dé ògiri, ẹ pa á, ògiri á ṣe é fún yín.

* * *

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an. Ańpù tiwa ń kùn kí a tó fọwọ́ kan okùn rárá, pàápàá bí a bá ń lo jẹnẹrétọ̀. Wọ́n ní ká yọ ẹsẹ̀ kẹta kúrò lára púlọ́ọ̀gì rẹ̀.

* * *

Ẹni Sítúdíò

Ẹ má dán an wò! Ẹsẹ̀ kẹta yẹn ni ọ̀nà tí iná máa gbà sá lọ sílẹ̀ bí wáyà inú ańpù bá tú. Bí ẹ bá yọ ọ́, ara onígìtá ló máa gbà kọjá, nítorí okùn gìtá jẹ́ irin, ẹnu sì wà lára máìkì. Ẹ kọ́kọ́ yí gìtá lọ́wọ́. Bí ìkùn bá dín kù bí ẹ ṣe ń yí, pickup (ohun tó ń gba ìró okùn lára gìtá) olókùn wáyà ẹyọ kan ló ń gba ìró iná 50 Hz. Ẹ jìnnà sí jẹnẹrétọ̀ àti iná gbọọrọ funfun. Bí kò bá yí padà, ẹ pààrọ̀ okùn tó so gìtá mọ́ ańpù. Lẹ́yìn náà kí gbogbo ańpù àti míkísà gba iná láti ojú kan ṣoṣo. Bí ẹ bá sì ra ańpù tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa: 120 volt ni tiwọn, tiwa jẹ́ 230 sí 240. Láìsí transformer tó ń rẹ iná sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ni yóò jó. Ẹ má sì ṣí ańpù oníṣúùbù fúnra yín. Iná tó ju 300 volt lọ lè wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ púlọ́ọ̀gì.

* * *

Alágogo

Ó yà mí lẹ́nu pé kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ Bo Diddley. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹta 1955 ló gba orin tó fi orúkọ ara rẹ̀ pè sílẹ̀ ní Chicago. Jerome Green ń mi máráká. Ẹ gbọ́ ìlù yẹn, kí ẹ wá sọ fún mi pé ilé wa kọ́ ló ti wá. Agogo wa ni! Ohun tí a ń lù nínú jùjú àti háílàìfù nìyẹn, ẹrú ló gbé e lọ.

* * *

Onílù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká rọra. Ìró kan náà ni, mo gbà. Ẹ ka mẹ́rìndínlógún, kí ẹ lu 1, 4, 7, 11 àti 13: kọ́n, kọ́n, kọ́n, ó dákẹ́ díẹ̀, kọ́n-kọ́n. Àwọn ará Kúbà ń pè é ní clave, wọ́n ń fi igi méjì lù ú. Àwọn baba wa wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ sí Kúbà, àwọn Kóńgò wà níbẹ̀, àwọn mìíràn pẹ̀lú. Ìdílé kan ni gbogbo ìlù wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n láti sọ pé Yorùbá nìkan ló ni ín, ẹ ò lè fi ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀. Àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ti ń fi ọwọ́ lu itan àti àyà ní irú ìró yẹn tipẹ́tipẹ́, New Orleans sì sún mọ́ Kúbà. Bo Diddley fúnra rẹ̀ sọ pé orin màlúù Gene Autry kan lòun ń gbìyànjú láti ta tí òun fi bọ́ sí i.

Ibi tí ọwọ́ ti ń ṣì ló yẹ kí á bá olùbéèrè sọ. Láti 7 dé 11, àlàfo mẹ́rin ni. Àwọn èèyàn kì í ní sùúrù níbẹ̀, wọ́n á ti lu ìkẹrin ní 10. Àwọn mìíràn á fa ìkẹta lọ sí 8, ìyẹn ti di clave rúńbà, orin mìíràn nìyẹn. Onílù kò gbọdọ̀ lu snare lórí èkejì àti ìkẹrin bí mo ṣe sọ fún Little Richard. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti pa á. Tom tó wà nílẹ̀ ni kó fi lu márààrún. Máráká á máa lọ dọ́gba, láìtẹnumọ́ ọ̀kankan. Ẹni tó bá ní ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lè fi dípò rẹ̀, kó má ṣáà fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe àrà.

* * *

Onígìtá

Ti gìtá ibẹ̀: ọwọ́ ọ̀tún á máa lọ sókè sódò lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún láìdúró, ọwọ́ òsì á fọwọ́ bo okùn kí ó máa dún ṣáká-ṣáká, á wá tẹ kọ́ọ̀dù lórí márààrún nìkan. Ẹni tó bá lu márùn-ún yẹn gbígbẹ, tó sì ń dúró láàárín wọn, kò ní lè bá ìlù dọ́gba láéláé.

Bo Diddley máa ń yí okùn rẹ̀ kí gbogbo wọn dún ní kọ́ọ̀dù kan láìtẹ nǹkan kan. Lórí gìtá tó ti gbó, ẹ má fà á sókè sí E, ọrùn lè tẹ̀. Ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí D: láti okùn tó nípọn wá, D, A, D, F-sharp, A, D. Ìkarùn-ún àti ìkẹrin kò ní yí padà rárá.

Orin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lórí kọ́ọ̀dù kan. Buddy Holly gbé ìlù yẹn sínú “Not Fade Away” ní 1957, onílù rẹ̀, Jerry Allison, lu páálí dípò ìlù. Rolling Stones tún un ṣe ní 1964. Mo ń padà sẹ́yìn díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Berry báyìí. Bí a bá yọ ìlù Bo Diddley, ihò tó máa ṣẹ́ kù tóbi gan-an.

* * *

Akọrin Obìnrin

Bí ẹ ṣe ń yìn wọ́n yìí, ẹ rántí ẹni tí owó kò dé ọwọ́ rẹ̀. Arthur Crudup ló kọ “That's All Right”, tó sì gbà á sílẹ̀ ní 1946. Ọjọ́ 5 oṣù Keje 1954 ni Elvis, Scotty Moore àti Bill Black fi bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Crudup kú ní 1974 láìrí owó tó tọ́ sí i gbà. Orúkọ méjì mìíràn ni wọ́n kọ mọ́ ti Berry lórí “Maybellene” gẹ́gẹ́ bí ẹni tó jọ kọ ọ́, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ Alan Freed tó ń gbé orin sórí rédíò. Bí ẹ bá ń ṣe orin yìí níta, ẹ dárúkọ ẹni tó kọ ọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún Big Mama Thornton náà, ẹni tí “Hound Dog” rẹ̀ wà ní ipò kìíní lórí àtẹ R&B fún ọ̀sẹ̀ méje ní 1953, ọdún mẹ́ta kí Elvis tó fọwọ́ kàn án.

* * *

Alágogo

Onílù, mo gba ìkìlọ̀ rẹ. Ṣé àwo “Band on the Run” ti Paul McCartney kọ́ ni wọ́n ṣe ní Àpápá? Ti Èkó ni ìyẹn, ẹ ò lè já a gbà.

* * *

Onílù

Èkó ni wọ́n ti gba púpọ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀, lóòótọ́, ní sítúdíò EMI ní Wharf Road, 1973. Méjì nínú ẹgbẹ́ McCartney fi í sílẹ̀ kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, ló bá ku òun, Linda ìyàwó rẹ̀ àti Denny Laine. McCartney fúnra rẹ̀ ló jókòó sídìí ìlù, orí téèpù onílà mẹ́jọ ni wọ́n to gbogbo rẹ̀ sí. Olùbéèrè, ẹni mẹ́ta ni wọ́n bíi tiyín! Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ dáadáa, ìlù wa kò sí níbẹ̀. Fẹlá fẹ̀sùn kàn án pé ó wá jí orin wa, McCartney gbé téèpù fún un gbọ́ láti fi hàn pé kò sí nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀.

Èyí tó jẹ́ tiwa ni “Jingo” ti ẹgbẹ́ Santana. Babatunde Olatunji, ọmọ Àjídò lágbègbè Àgbádárìgì, ló ni orin náà. Ó lọ ka ìwé ní Morehouse College ní Atlanta ní 1950, ilé iṣẹ́ Columbia sì gbé àwo ìlù rẹ̀ jáde ní 1960, orin yìí wà nínú rẹ̀. Santana fi ṣe àwo ẹlẹ́yọ kan wọn àkọ́kọ́ ní 1969, wọ́n sì ta á ní àjọ̀dún orin Woodstock ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn. Kì í ṣe pé ìlù náà jọ tiwa, orin wa gan-an ni, pẹ̀lú lílé àti ègbè rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni àkúbà ti di nǹkan tí ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì lè gbé síwájú pèpéle dípò kí ó wà lẹ́yìn.

* * *

Olùbéèrè

Mo ti rí i. Kí ni kí a fi bẹ̀rẹ̀ báyìí, kí ni kí a fi kádìí rẹ̀?

* * *

Onígìtá

“That's All Right” lákọ̀ọ́kọ́, ní A. Kò sí ìlù kankan nínú ti Elvis: béèsì ni Bill Black ń fà tó sì ń gbá mọ́ igi kí ó lè dún bí ìlù. Kí onílù yín jókòó, kó máa ka bar fún yín. Tẹ̀ lé e pẹ̀lú “Lucille”, kí onílù gba ẹ̀san tirẹ̀. Ìkẹta, “Not Fade Away”. Ìkẹrin, “Johnny B. Goode”, nígbà tí ọmọńdinrín bá ti là. Mo ṣì dúró lórí ẹ̀ nítorí ọwọ́ òsì, àmọ́ mo ti yọ ọ́ kúrò ní ipò kìíní.

* * *

Akọrin Obìnrin

Rosetta kò sí níbẹ̀.

* * *

Onígìtá

Ẹ má bínú, ìyá. Kí ó gba ipò “Lucille”, bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ní ẹni tó lè kọ ọ́. Síwìngì tó wà nínú rẹ̀ á jẹ́ kí onílù mọ ibi tí a ti ń bọ̀ kó tó kọ́ èyí tó gún.

* * *

Onílù

“Jingo” ni kí ó kẹ́yìn, nítorí pé ẹni mẹ́ta lè bà á jẹ́ ní kíákíá. Ẹ yá alákùúbà kan, bí ó bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ jùjú ó dára jù. Àkúbà ló máa bẹ̀rẹ̀, kí ó lọ dáadáa kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Béèsì á wọlé pẹ̀lú ìlà kúkúrú kan, kò sì gbọdọ̀ pààrọ̀ rẹ̀ títí di òpin, bí ó ti wù kí ó máa sú u tó. Ìlù òyìnbó á fi snare sílẹ̀ pátápátá ní ìdajì àkọ́kọ́, tom àti kick nìkan. Gìtá kò gbọdọ̀ ta àdáta kí ègbè tó yí po lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Bí onígìtá bá ti wọlé tẹ́lẹ̀, kò ní sí ibi tó kù láti gòkè sí, alákùúbà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé e, ìṣẹ́jú méjì péré ni orin náà á fi sáré kọjá ibi tí béèsì lè dé. Kí ẹnì kan wà tó ń wo ẹsẹ̀ alákùúbà ní gbogbo ìgbà, òun ni kí gbogbo yín bá rìn.